Àpótí Oògùn Japan Tó Wà Lórí Fíríìjì Mi

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Ràfátù,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá wọn débi tó dáa níbẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí èmi tí kì í kọ ju “Ó dáa” lọ lórí fóònù fi jókòó kọ lẹ́tà bébà, tí mo sì tún lọ tò sórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n lè bá mi fi ránṣẹ́ sí Japan. Má jáyà, n kò kú. Àárọ̀ ni, mo jókòó sídìí tábìlì tí màmá rẹ fi ń gé aṣọ, mo ti pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti da ojú fóònù bolẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, nítorí pé tí mo bá rí ojú rẹ, màá tún purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, nǹkan mẹ́ta lo sọ. O ní bàbá arúgbó tó ni ilé oògùn tí o wà ti fún ọ ní àga tìrẹ, pé láti Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláìsàn tí wàá sì máa yan oògùn fún wọn. O ní nítorí ìyẹn, o kò ní lè wá sílé nígbà ooru yìí. Lẹ́yìn náà lo wá fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé bàbá náà ti kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé rẹ̀, pé bàbá ìwọ Sìdí ní London fi oògùn wọn sún ìgbànú wọlé ní ihò méjì láàárín oṣù mẹ́rin, àti pé tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì níwájú rẹ, ìtàn mi lo máa sọ fún un.

Àìwá rẹ dùn mí, n kò ní í bò ó. Ṣùgbọ́n ti ìtàn yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Irọ́ ni, ọmọ mi. Ikùn mi kò fi ìka kan dín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fi mu oògùn yẹn bó ṣe yẹ ní oṣù mẹ́rin, àpótí tí o fi ránṣẹ́ sì ti ṣófo. Nígbà tí o sọ pé o kò ní í wá mọ́, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó máa ṣí i wò, pé mo lè panu mọ́ kí ó sì tán síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí máa jókòó níwájú rẹ, wàá sì fi ikùn mi ṣe ẹ̀rí fún un, òun náà á sì gbà ọ́ gbọ́ nítorí pé ojú rẹ kì í purọ́. Mo ní láti bá ọ kí o tó jókòó sórí àga yẹn.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé nígbà tí òtútù ń wọlé lọ́dún tó kọjá ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti dé etí ààlà, pé ọ̀rá ti ń bo ẹ̀dọ̀ mi, àti pé ikùn mi ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ fi téèpù wọn ikùn náà, ó sì ní láti dìde nílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó yí mi ká. Bí àwàdà ni mo ṣe sọ ọ́ fún ọ. O kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì o pè mí padà, ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ rẹ, o sì bi mí ní ìbéèrè bí ogójì. Ṣé ooru ló máa ń mú mi àbí òtútù? Ṣé mo máa ń làágùn? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ń yàgbẹ́, ṣé ó máa ń le? O ní kí n yọ ahọ́n mi sí fóònù, mo yọ ọ́. O ní kí n fi ọwọ́ tẹ ikùn mi kí n sọ fún ọ bóyá ó le tàbí ó rọ̀, mo ní ó le bí ilù, inú rẹ sì dùn sí ìdáhùn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. O tún bi mí pé ta ni mo máa ń bá jẹun. Mo ní, “Èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi, Sìdí, ṣé o ò mọ̀ mí ni?” O kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àpótí dé, àpótí pákó pupa kékeré tó ní ìdérí. O ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú tí o wà, láyé àtijọ́, àwọn olóògùn máa ń gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ sílé oníbàárà wọn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á padà wá ṣí i, wọ́n á wo èyí tí ìdílé náà ti lò, wọ́n á sì fi tuntun dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lo ní o máa ṣe sí mi nígbà ooru. Oògùn ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní kanpo ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ nínú àpò bébà kéékèèké, egbò àti ewé àti nǹkan mìíràn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún. O ní kí n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ han dókítà mi kí n tó fẹnu kàn án, mo sì fi hàn án. Àpò kan nínú omi gbígbóná ní àárọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, kí n tó jẹun. O tún kìlọ̀ pé ìyẹ̀fun kò lè dá bá abọ́ oúnjẹ jà, pé kí n dín òkèlè kù kí n sì máa rìn.

Ohun tí o sọ tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oògùn yìí kì í ṣe ti ṣúgà, kì í sì í ṣe ti ikùn, tèmi ni. Ó wà fún ẹni tó sanra, tó lágbára, tí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le. O ní tí àìsàn kan náà bá ń ṣe ẹni tó tín-ín-rín tí inú rẹ̀ kò lágbára, oògùn mìíràn pátápátá ni wọ́n máa fún un, nítorí pé ẹni tí àìsàn ń ṣe ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orúkọ àìsàn. O wá lẹ bébà kan mọ́ inú ìdérí àpótí náà, o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: “Dádì nìkan.”

Mo gbé e sórí fíríìjì. Mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́sàn-án bí o ṣe wí. Ó korò, jínjà rẹ̀ sì ń ta, ṣùgbọ́n inú mi rọ̀, ara mi sì fúyẹ́ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Oògùn náà kò ṣẹ̀ mí.

Kí n tó dé ọjọ́ kẹwàá, mo gbọ́dọ̀ sọ bí ilé yìí ṣe rí, nítorí pé o kò bi mí, èmi náà kò sì jẹ́ kí o mọ̀ pé ó yẹ kí o bi mí. Nígbà tí Ràfátù màmá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé, èèyàn kún ibí fún ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Ìwọ náà padà sí Japan. Mo máa ń lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa ń kíra, lẹ́yìn náà màá gba Rye Lane bọ̀ láàárín èrò tó ń ti ara wọn, kò sì sí ẹni tó máa pè mí lórúkọ títí màá fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì gba Elephant and Castle, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí àwọn èèyàn yìí jẹ́ kí etí mi sinmi. Ó ti sinmi báyìí o. Ìkòkò tí màmá rẹ fi ń se oúnjẹ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ṣì ń lò, torí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Ohun tí mo bá sè ni mo sì ń jẹ tán, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó máa jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló dé tí mo ń jẹun tó bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ ìyẹn fún un.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Bàbá Kúdí yà wò mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. O mọ̀ wọ́n, ọ̀rẹ́ mi gíga tó tín-ín-rín bí ọ̀pá, tí a jọ gbé yàrá kan ní àwọn ilé ìjọba North Peckham kí wọ́n tó wó wọn. Wọ́n rí àpótí, wọ́n bi mí pé kí ni mo gbé sórí fíríìjì. Mo ròyìn, mo sì fi ìgbéraga kún un pé ọmọ mi ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní, “Doctor tèmi náà ti sọ ti sugar yẹn fún mi o. Bàbá Sìdí, ẹ jẹ́ ká jọ mu ún now.”

Àṣàkẹ́, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, ìkòkò àgbo kan ni ìyá mi máa ń gbé kaná, gbogbo agbo ilé ló sì ń bu mu, àgbà àti ọmọdé, ẹni tí ara ń ro àti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ní àgbo lọ́wọ́ tó dá a mu lójú àlejò, ahun ni. Mo ṣí ìdérí àpótí, mo rí ohun tí o kọ síbẹ̀, mo sì yọ àpò méjì. A mu ún, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kúdí mú ẹlòmíràn wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́rin, wọ́n di mẹ́fà. Mo ra fúláàsìkì ńlá kan, màá da àpò mẹ́rin, márùn-ún sínú rẹ̀ pọ̀, màá da omi gbígbóná sí i, ife á sì máa lọ yí ká. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà Japan. Àwọn kan ń mú àpò díẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò tíì kí mi rí ní mọ́sálásí ń bi mí pé ṣé àwọn lè yà. Nígbà tí mo rí i pé oògùn náà ń tán lọ, mo dá tèmi dúró kí ó lè tó àlejò. Mo ń jókòó láàárín wọn, mo ń gbé ife òfìfo sẹ́nu.

O sì ń pè, o ń bi mí pé Dádì, báwo ni ìgbànú? Mo mú ìgbànú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní Rye Lane, ó bá mi lu ihò tuntun méjì sí i. Mo dé ilé, mo fa ikùn wọnú, mo dá èémí dúró, mo ya fọ́tò, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo ti tú ìgbànú náà. O fi ọkàn pupa mẹ́fà dá mi lóhùn. Mo kà wọ́n.

O lè rò pé ọjọ́ ogbó ló kọ́ mi ní irú irọ́ yẹn. Rárá. Láti ìgbà tí mo ti kéré sí ọ ni mo ti mọ̀ ọ́n pa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni mo ń gbá ní Elephant, kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó dé láàárọ̀. Mo kọ̀wé sí bàbá mi pé mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́, ṣebí inú ọ́fíìsì náà ni mo wà. Bàbá mi ka lẹ́tà náà sí etí gbogbo adúgbò. Àbúrò mi Tàjù ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbẹ̀ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ọdún méje ló fi ń dúró de ìwé ìrìnnà tí kò dé. Nígbà tí mo wá lọ sílé, tí mo sọ òtítọ́ fún un, kò bá mi jà, ó kàn ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ nígbà tí òun ṣì wà nídìí òfì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, kí o sì mú un ju gbogbo ohun tí mo bá tún sọ lọ. Má ṣe gba ìròyìn ayọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kórìíra rẹ á sọ fún ọ pé oògùn rẹ kò ṣiṣẹ́. Èmi tí mo fẹ́ kí o máa pè mí, tí mo fẹ́ kí o máa rẹ́rìn-ín, èmi ni mo lè bà ọ́ níṣẹ́ jẹ́. Àwọn aláìsàn kan máa fẹ́ràn rẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ara àwọn ti yá kí inú rẹ lè dùn. Ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n lójú rẹ, kí o sì wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn fúnra rẹ.

Èkejì kan Bàbá Kúdí, òun ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n fẹ́ kí oògùn náà yá kánkán. Wọ́n mú àpò púpọ̀ lọ sílé, wọ́n sì ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Wọ́n bi mí, èmi Dókítà Japan sì dáhùn pé ọ̀rá ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, Àṣàkẹ́, pẹ̀lú ẹnu mi yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n dúró ní ibùdókọ̀ ní Rye Lane láàárọ̀, àyà wọn ń lù kìkì, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, wọ́n sì ṣubú. Àwọn èrò ló pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ní ọsibítù, àwọn dókítà ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n mu, wọ́n ní àwọn kò mu nǹkan kan. Èmi ni wọ́n ń bò láṣìírí. Ìyàwó wọn, Ìyá Kúdí, pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n gbé àpótí oògùn yẹn wá. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí fíríìjì, mo sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi fún bí ogún ìṣẹ́jú, torí ojú ń tì mí. Ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rẹ́ mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, dókítà ka àkọsílẹ̀ tí o kọ. Ó ní oògùn náà ti fa omi àti iyọ̀ kúrò lára wọn, ó sì ti da ìlùkìkì ọkàn wọn rú, pé a dúpẹ́ pé wọn kò pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Ìyá Kúdí ṣí ìdérí àpótí náà, wọ́n ka ohun tí o kọ síbẹ̀, wọ́n sì wò mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá Sìdí, ọmọ yín tó wà ní Japan bi yín ní forty questions kó tó fún yín. Ẹ̀yin ńkọ́, ìbéèrè mélòó lẹ bi ọkọ mi?”

N kò bi wọ́n ní ẹyọ kan. Mo ti mọ Bàbá Kúdí láti ogójì ọdún, n kò sì mọ̀ pé láti kékeré ni inú wọn ti máa ń ṣàn, pé ọkàn wọn náà kì í lù dáadáa. Nítorí náà, ọmọ mi, béèrè. Nígbà tí àga yẹn bá ti mọ́ ọ lára, tí o bá ti rí oníkùn gbẹ̀ǹdù bíi igba, ó máa ṣe ọ́ bíi pé o ti mọ ìdáhùn kí ẹni náà tó jókòó. Bi í, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bi ẹni tó tín-ín-rín lẹ́ẹ̀mejì. Bi í bóyá ẹlòmíràn wà nílé tó máa bá a mu ún, nítorí pé àwa tí a ń fi ìfẹ́ pín nǹkan pọ̀ ju bí àwọn ọ̀gá rẹ ṣe rò lọ, kì í sì í ṣe Ìsẹ́yìn nìkan la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká mọ́sálásí. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn dẹ́kun yíyà. Fúláàsìkì ńlá yẹn wà lábẹ́ síǹkì báyìí.

Ní oṣù tó kọjá ni mo padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì fún àyẹ̀wò. Ṣúgà náà ti ré ààlà kọjá. Mo ti di alárùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ti fún mi ní oògùn oníhóró tí mo ń lò. Má sunkún. Òótọ́ ni mò ń lò ó, mo sì ti dín òkèlè kù. N kò mọ̀ bóyá kanpo ìbá ti dá a dúró. Ìwọ náà kò mọ̀, bàbá arúgbó yẹn kò sì mọ̀, nítorí pé ẹni tí ẹ fún kò mu ún. Ìyẹn gan-an ni kí o sọ fún un. Ní kí ó mú ìwé rẹ̀ kí ó fagi lé mi. Tó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú. Ó sàn kí ó bínú sí ọ ní ọ̀sẹ̀ yìí ju kí o kó ìtìjú bá a lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo lọ bẹ Bàbá Kúdí nílé wọn lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Wọ́n tún ti rù sí i. Mo kúnlẹ̀, èmi tí orúnkún mi kò dáa, wọ́n ní kí n dìde kí n má kó wàhálà mìíràn bá wọn. Wọ́n ní àwọn kò bínú nítorí oògùn, àwọn náà ló fi ìwọra mu ún.

“Ohun tó dùn mí ni ife yẹn,” ni wọ́n wí. “Ìyàwó mi ló sọ fún mi pé ẹ jẹ́wọ́ fún òun ní ọsibítù pé ẹ ò mu ún mọ́. Gbogbo wa ń mu, ẹ̀yin ń wò wá. Kí ló dé?”

Mo ní mo fẹ́ kí ó lè tó gbogbo wa. Wọ́n ní ṣé mo rò pé nítorí ìyẹ̀fun kíkorò yẹn ni àwọn ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro àwọn. Wọ́n ní omi gbígbóná lásán ì bá ti tó. Wọ́n sọ pé tí ara àwọn bá le, àwọn máa yà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ mo máa ń rìn lọ sí pápá Peckham Rye, mo máa ń yí i po lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń gba iwájú ilé wọn bọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì kan ilẹ̀kùn.

N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́, nọ́ńbà ti dàrú mọ́ mi lójú. Èyí tó kàn ni tìrẹ gan-an. O sọ fún mi nígbà kan pé ìdúró lo máa ń jẹun alẹ́, nídìí síǹkì, kí abọ́ má baà pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní ọmọ mi ti di ará Japan. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ra abọ́ méjì. Pe ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pe aládùúgbò, ì báà jẹ́ arúgbó. N kò sọ̀rọ̀ ọkọ o, kí o má baà ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ ọkọ bá gba ibẹ̀ wọlé, n kò ní í ti ilẹ̀kùn. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti sọ fún èèyàn pé o fẹ́ kí ó wá jókòó. Èmi kò lè sọ ọ́. Mo wá oògùn tí màá fi pè wọ́n, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọ̀rẹ́ mi.

Má fi àpótí mìíràn ránṣẹ́ báyìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti nù ún, n kò sì yọ bébà tí o lẹ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀. Tí o bá ráyè wá lọ́dún tó ń bọ̀, ṣí i, kí o rí i pé òfìfo ni, bí mo ṣe wí.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó níwájú rẹ lọ́jọ́ Ajé yẹn, fi èmi ṣe ẹni àkọ́kọ́. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, mú ìwé àti bírò, kí o sì bi mí ní gbogbo ìbéèrè náà láti orí ẹyọ kìíní. N kò ní í fa ikùn wọnú. Ahọ́n mi kò tíì yí padà, ooru ṣì ń mú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o ti mú èsì rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, nítorí n kò mọ̀ bóyá màá lè wí i tí o bá ń wò mí. O bi mí pé ta ni mo máa ń bá jẹun.

Èmi nìkan ni, Àṣàkẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ tó ń retí ìpè rẹ,
Ràímì
Peckham